Ẹ Má Kó Èéfín Ránṣẹ́ Sílé: Owó-orí, Kámẹ́rà àti Iná Oòrùn

Ojú ìwé ọrọ̀ ajé wa tún ti dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ yín máa ń mú wá sí ìpàdé ni a fẹ́ tú palẹ̀: lẹ́tà kámẹ́rà. Ẹni tó ń wa takisí gbà á, ẹni tó ń kó ọjà lọ sí ìsọ̀ gbà á, ìyá tó kàn gbé àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi náà gbà á. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: ṣé torí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe ń gba owó yìí lóòótọ́, àbí wọ́n kàn fẹ́ gba tọwọ́ ẹni?

Ìdáhùn wa nìyí, kí a má fi falẹ̀. Owó-orí lè mú kí ìlú mọ́, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní London níbí. Ṣùgbọ́n owó-orí nìkan kì í pa èéfín. Ó máa ń lé e kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ibi tí èéfín náà máa sá lọ, ọwọ́ àwa tí a ní ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, tí a ní ẹsẹ̀ kan nílé, ni apá kan rẹ̀ wà.

OWÓ TÍ KÁMẸ́RÀ Ń GBÀ

Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 2003 ni London bẹ̀rẹ̀ sí gba £5 lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín ìlú lọ́jọ́ iṣẹ́. Ken Livingstone ni Méyọ̀ nígbà náà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ dá owó yẹn sílẹ̀, kì í ṣe èéfín. Láti oṣù kìíní 2026, ó ti di £18.

Èyí tó kan èéfín gan-an ni ULEZ. Àárín ìlú ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2019. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 2021, ó gbilẹ̀ dé North Circular àti South Circular. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2023, gbogbo àdúgbò London pátápátá ló ti wọ inú rẹ̀.

Òfin náà kò le yé. Ọkọ̀ bẹntiróò tó bá bá ìlànà Euro 4 mu kò san kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 2006 ló wà nínú èyí. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ bá Euro 6 mu, ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti oṣù kẹsàn-án 2015 sókè. Ọkọ̀ tí kò bá bá a mu yóò san £12.50 lójúmọ́, tọ̀sán-tòru, ojoojúmọ́ àfi ọjọ́ Kérésìmesì. Ẹni tí kò bá san án títí di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọjọ́ tó wakọ̀, ìtanràn £180 ni. £90 ni tó bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ẹnì kan ń fi ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 48 lọ́dún. £62.50 lọ́sẹ̀, £3,000 lọ́dún. Ọkọ̀ mìíràn tó lè san owó náà sílẹ̀ fún un lè má tó iye yẹn. Ohun tí ìjọba fẹ́ kí ẹni náà rí nìyẹn: kó rí i pé ọkọ̀ tó ń rú èéfín ti di ọkọ̀ ọ̀wọ́n.

Ẹ̀rọ ìgbàlódé ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Kámẹ́rà ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, kọ̀ǹpútà sì ń wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ láti mọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹnubodè, kò sí ọlọ́pàá tó ń dá ọkọ̀ dúró, kò sí ẹni tí ẹ máa bẹ̀ pé “ọ̀gá, ẹ dákun, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni.” Ní ogójì ọdún sẹ́yìn, kò sí ìlú tó lè gba irú owó-orí yìí lọ́wọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ǹjẹ́ ó ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́. Ìròyìn tí ọ́fíìsì Méyọ̀ gbé jáde ní oṣù kẹta 2025 sọ pé ọkọ̀ tó bá ìlànà mu ní London kò ju nǹkan bí 39 nínú 100 lọ ní 2017, ṣùgbọ́n ó ti tó 97 nínú 100 ní 2024. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní nitrogen dioxide, èyí tó ń jáde láti ìdí ọkọ̀, fi 27 nínú 100 dín sí iye tí ì bá jẹ́ ká ní kò sí òfin náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kò kàn wá. Ní Lewisham, nítòsí South Circular, ni Ella Adoo-Kissi-Debrah gbé. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí àìsàn asímà pa á ní oṣù kejì 2013. Ní oṣù kejìlá 2020, adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ búburú wà lára ohun tó pa á. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ fún ní ilẹ̀ Bírítéènì. Ẹ wo ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé: Lewisham, Peckham, Woolwich, Tottenham. Ẹ̀bá títì ni fèrèsé wa kọjú sí.

NÍGBÀ TÍ OWÓ-ORÍ ṢÌNÀ

Síbẹ̀, owó-orí lè ṣìnà, ó sì ti ṣìnà rí. Ní 2001, nígbà tí Gordon Brown jẹ́ mínísítà ìṣúná, ìjọba yí owó-orí ọkọ̀ padà. Wọ́n ní iye carbon dioxide tó ń jáde lára ọkọ̀ tuntun ni wọn yóò máa wò. Carbon dioxide ni èéfín tó ń mú kí ayé gbóná. Ti ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kéré sí ti bẹntiróò, nítorí náà owó-orí dísẹ́ẹ̀lì wálẹ̀. Àwọn èèyàn ṣírò, wọ́n sì lọ ra dísẹ́ẹ̀lì. Ní 2001, ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ọkọ̀ tuntun tí wọ́n rà ní Bírítéènì. Nígbà tó di 2012, ó ti tó nǹkan bí ìdajì.

Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì ń tú nitrogen dioxide àti ẹ̀yọ́ dúdú kéékèèké tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró jáde ju bẹntiróò lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2015 ni àṣírí tún tú ní Amẹ́ríkà pé Volkswagen ti fi ètò kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀ rẹ̀ láti tan àwọn tó ń yẹ èéfín wò jẹ. Ẹni tó gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu ní 2008, tó ra dísẹ́ẹ̀lì torí owó-orí rẹ̀ kò wọ́n, òun kan náà ni kámẹ́rà wá ń gba £12.50 lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún oníṣòwò. Ohun tí owó-orí bá ń wọ̀n ni àwọn èèyàn máa ń yí padà; ohun tí kò bá wọ̀n, wọn á fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ sì má ṣe fi owó-orí òní nìkan ṣe ìṣirò ọdún mẹ́wàá. Ọkọ̀ oníná mànàmáná tí kì í san owó-orí ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń san án láti oṣù kẹrin 2025. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba tún kéde pé láti oṣù kẹrin 2028, yóò máa san pẹ́nì 3 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín ẹni tó ní àyè ọkọ̀ lójú ilé rẹ̀ àti ẹni tó ń gbé fúláàtì káńsù. Ní 2025, ẹni tó fi iná ilé ara rẹ̀ sínú ọkọ̀ san VAT 5 nínú 100. Ẹni tó lọ fi iná sí i lẹ́bàá títì san 20 nínú 100. Iná kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni. Ẹni tí kò nílé ló san jù. Bí ìjọba bá fẹ́ kí awakọ̀ takisí tó ń gbé Peckham ra ọkọ̀ oníná, ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe nìyẹn.

NÍBO NI ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́ NÁÀ LỌ?

Ìbéèrè tí a kì í fẹ́ bi ara wa nìyí. Nígbà tí ULEZ gbilẹ̀, Méyọ̀ ya £160 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ láti ran àwọn tó fẹ́ fi ọkọ̀ wọn jálẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè gbà tó £2,000. Ètò náà parí ní oṣù kẹsàn-án 2024. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n fọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwa náà mọ èyí tí wọn kò fọ́. A mọ ọkọ̀ tó gba Tilbury, tó wọ ọkọ̀ ojú omi, tó bọ́ sílẹ̀ ní Èkó, tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni sì ń fi ṣe kábúkábú báyìí.

Kì í ṣe àwa nìkan la wà nídìí rẹ̀. Àjọ tó ń mójú tó àyíká fún Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé sọ ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó láti ilẹ̀ kan sí ilẹ̀ mìíràn, Áfríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba Netherlands yẹ àwọn ọkọ̀ tó ń ti èbúté wọn lọ sí Áfríkà wò. Wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò bá Euro 4 mu, àti pé àwọn kan wà tí wọ́n ti yọ ẹ̀yà tó ń sẹ́ èéfín kúrò lára wọn torí owó tó wà nínú rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fohùn ṣọ̀kan ní 2020 pé láti 2021, ọkọ̀ tí kò bá tó Euro 4 kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Òfin wà nínú ìwé. Ẹni tó bá dúró ní Òṣòdì fún wákàtí kan ló máa sọ bóyá ó wà lójú títì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ Lewisham ń mí dáadáa díẹ̀ sí i, ọmọ Òṣòdì sì gba èéfín tó kù. Afẹ́fẹ́ ayé kò mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èéfín ló yí àdírẹ́sì padà. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọkọ̀ fún ẹbí. Ohun tí a ń sọ ni pé ọkọ̀ tí London lé jáde torí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ̀dọ̀fóró kan náà ló wà nílé.

NÍLÉ: OWÓ EPO ÀTI JẸNẸRÉTỌ̀

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé gan-an, nítorí irú ìṣirò yìí ti dé ọ̀hún náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gba ìjọba, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti parí. Lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2024, nǹkan bí ₦1,000 ni ní Èkó. Ní oṣù kẹrin 2024 bákan náà, àwọn oníbàárà tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́ rí i pé owó iná wọn ti ₦68 fò sí ₦225.

Kò sẹ́ni tó pe èyí ní owó-orí àyíká. Ìyà ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ẹbí wa, àwa tí à ń fi owó ránṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n lójú ọjà, ohun kan náà ló ṣe: ó mú kí jẹnẹrétọ̀ di ohun ọ̀wọ́n. Àwọn èèyàn sì kọjú sí oòrùn. Àjọ Ember, tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ iná, sọ pé láàárín oṣù 12 tó parí ní oṣù kẹfà 2025, Nàìjíríà kó páńẹ́ẹ̀lì sólà tó lé ní mẹ́gáwáàtì 1,700 wọlé láti Ṣáínà. South Africa nìkan ló jù ú lọ ní Áfríkà. Wọ́n ní owó dísẹ́ẹ̀lì tí èèyàn kò ní ra mọ́ lè dá owó páńẹ́ẹ̀lì padà láàárín oṣù mẹ́fà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan o. Ẹni tó lówó ló ra sólà. Ẹni tí kò ní pa “I pass my neighbour” rẹ̀, ó sì jókòó sínú òkùnkùn. Àyíká jèrè èyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ kàwé lálẹ́ kò jèrè nǹkan kan. Owó-orí tí kò ní ọ̀nà àbáyọ lẹ́yìn, ìyà lásán ni. Òfin owó-orí tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà ní oṣù kẹfà 2025 tún fi àyè sílẹ̀ fún àfikún 5 nínú 100 lórí epo, nígbàkígbà tí mínísítà ìṣúná bá pàṣẹ rẹ̀; gáàsì ìdáná àti kẹrosíìnì ilé kò sí nínú rẹ̀. Kí ọjọ́ yẹn tó dé ló yẹ kí ọ̀nà àbáyọ ti wà.

FÓÒNÙ TÓ Ń SAN OWÓ INÁ

Ibi tí fóònù ti wúlò nìyí. Ní 2012, ilé iṣẹ́ M-KOPA bẹ̀rẹ̀ ní Kenya láti ta iná sólà fún àwọn tálákà. Ẹni tó fẹ́ ẹ yóò san díẹ̀ sílẹ̀, yóò gbé e lọ sílé, yóò sì máa fi fóònù san ìyókù ní díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń dá àjọ ojoojúmọ́. Bí kò bá san, àpótí náà á pa ara rẹ̀. Nígbà tó bá san tán, ó di tirẹ̀. Irú rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà náà. Owó tí wọ́n ń ná lórí àbẹ́là, kẹrosíìnì àti bẹntiróò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi san án.

Owó-orí tún lè ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́. Ní 2020, Kenya fi VAT 14 nínú 100 lé ohun èlò sólà. Ní 2021, wọ́n tún mú un kúrò. Ìjọba tó ń wá ayé tó mọ́ kò gbọdọ̀ máa gbowó lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ ohun tó ń mú un mọ́.

A kò ní parọ́ fún yín pé ẹ̀rọ ìgbàlódé kò ní èéfín tirẹ̀. Fọ́tò tí a fi pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, fíìmù tí à ń wò, inú ilé ńláńlá tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà sí ni wọ́n wà. Ní 2024, àwọn ilé náà jẹ nǹkan bí 1.5 nínú 100 gbogbo iná ayé. Ní Ireland, nítòsí wa níbí, wọ́n jẹ 22 nínú 100. Bátìrì náà ní ewu tirẹ̀. Ní 2025, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òjé ti wọ ara ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ògijo, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àtijọ́ láti kó òjé inú rẹ̀. Bátìrì olójé tí ẹ bá rà fún ẹbí lónìí, ibẹ̀ ló lè parí sí lọ́la.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

1. Kí ẹ tó ra ọkọ̀, ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ojú ìwé TfL kí ẹ mọ̀ bóyá ó bá ULEZ mu. Ọ̀fẹ́ ni. TfL fúnra wọn sì ni kí ẹ sanwó fún. Àwọn alágbàsan kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi owó tiwọn lé e.

2. Ẹ̀yin tí ẹ nílé níbí, kò sí VAT lórí sólà ilé títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2027. Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó yàn.

3. Bí ẹ bá fẹ́ ra sólà fún àwọn òbí nílé, ẹ ṣírò kí ẹ tó nájà. Gílóòbù mẹ́rin oníwáàtì 10 fún wákàtí 5 jẹ́ 200. Fáànù oníwáàtì 60 fún wákàtí 8 jẹ́ 480. Tẹlifíṣọ̀n oníwáàtì 80 fún wákàtí 4 jẹ́ 320. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,000, ìyẹn yúníìtì iná kan lójúmọ́. Páńẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 400 lè gbé e, títí kan ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí òjò ṣú. Kò ní gbé fíríìjì ńlá, kò sì ní gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ má jẹ́ kí ontajà kankan tàn yín.

4. Ẹ bèèrè bátìrì lithium dípò olójé. Ó wọ́n díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ jù. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹ sì mọ ẹni tó máa tún un ṣe.

5. Ọkọ̀ tí kámẹ́rà lé kúrò ní London, ẹ ta á fún àwọn tó ń fọ́ ọkọ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ má fi í ṣe ẹ̀bùn fún ilé.

Èyí tó kù jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹgbẹ́ wa máa ń dá owó dísẹ́ẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn ìlú wa. Ẹ̀ẹ̀kan tí a bá dá a, a mọ̀ pé a ó tún dá a. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó gbé e kalẹ̀ kí a fi owó ọdún méjì ra iná oòrùn tó lè gbé yàrá ìgbẹ̀bí àti fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí a sì ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ mú èrò yín wá, ẹ mú ìbéèrè yín wá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ iná nínú wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó sẹ́yìn.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwa la mọ ohun tí London fi kámẹ́rà lé jáde, àwa la sì mọ ẹni tó ń gbà á nílé. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a rí owó ṣe èyí tó dára. Ó dìgbà ìpàdé.